Fótò ogun àtijọ́ ń gba àwọ̀ tuntun: Kí ló yẹ kí ará Bantè àti Savalou mọ̀ kí wọ́n tó gbà á gbọ́?

Lórí WhatsApp àti Facebook, fótò àwọn sójà àtijọ́ kò wọ́n mọ́. Ẹ ó rí àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n dé fìlà, wọ́n gbé ìbọn lé èjìká, ọ̀gá òyìnbó dúró níwájú wọn. Dúdú-funfun ni fótò náà nígbà tí wọ́n yà á. Ní báyìí, koríko ẹsẹ̀ wọn ti tutù bí ewé òjò, ojú ọ̀run ti di búlúù, aṣọ wọn ti di àwọ̀ ilẹ̀, bí ẹni pé àná ni wọ́n yà wọ́n.

Ó dùn ún wò. Ọmọ tí kò lè fi ìṣẹ́jú kan wo fótò bàbá bàbá rẹ̀ tó ti ṣá, yóò tẹjú mọ́ ọn tó bá ti rí i pẹ̀lú àwọ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè: ta ló sọ fún fóònù pé bí aṣọ wọn ṣe rí nìyẹn?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ní ilé tí wọ́n ti ní fótò ẹyọ kan ṣoṣo tó kù nínú ìran kan, ohun tí ẹ̀rọ bá fi kun fótò náà lónìí ni àwọn ọmọ yóò máa rántí lọ́la. Bí ó bá jẹ́ irọ́, irọ́ náà ni wọn yóò jogún.

Ogun tó kan ilẹ̀kùn wa

Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni ogun àgbáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914, Jámánì ló ń ṣàkóso Togo, Faransé ló wà ní Dahomey, ìyẹn ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin láti ọdún 1975. Jámánì ti kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan sí Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, èyí tó lè bá ilẹ̀ Jámánì sọ̀rọ̀ láti ibí. Ilé iṣẹ́ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Gold Coast àti àwọn Faransé tó wà ní Dahomey dojú kọ.

Ọ̀kan lára ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun Faransé gbà wọ Togo ni Tchetti, tó wà lábẹ́ commune Savalou lónìí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Jámánì ti túúbá ní Togo, lẹ́yìn tí àwọn fúnra wọn ti ba ẹ̀rọ Kamina jẹ́. Kò tó oṣù kan. Èyí túmọ̀ sí pé ogun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé pé ó ṣẹlẹ̀ ní Verdun, ilẹ̀ wa níbí wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ gbóná.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sí Yúróòpù. Nǹkan bí 200,000 ọkùnrin ni Faransé gbà sí iṣẹ́ ológun láti àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nígbà ogun kìíní náà. Nǹkan bí 30,000 nínú wọn ni kò padà wálé. Gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní tirailleurs sénégalais, nítorí pé Senegal ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà sílẹ̀ ní ọdún 1857. Orúkọ yìí ló bo ọ̀pọ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ Dahomey wà nínú wọn, ọmọ Sudan tó di Mali lónìí wà nínú wọn, ọmọ Haute-Volta àti Côte d'Ivoire náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ fótò, "Sénégalais" ni wọ́n kọ sí.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ lọ. Àwọn Ohori, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa ní agbègbè Pobè àti Kétou, dìde sí Faransé ní ọdún 1914. Ní ìhà àríwá, Bio Guéra kó àwọn Bariba jọ, ó sì kú sójú ìjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1916. Ère rẹ̀ wà ní Cotonou báyìí, nítòsí pápákọ̀ òfurufú.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, wọ́n tún kó wọn lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, nígbà tí Faransé ń ṣubú, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya ọ̀pọ̀ sójà adúláwọ̀ tí wọ́n mú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn òyìnbó, wọ́n sì pa wọ́n. Ní Chasselay, lẹ́bàá ìlú Lyon, itẹ́ òkú kan wà tí wọ́n ń pè ní Tata sénégalais. Sójà 196 ló sinmi níbẹ̀, nínú odi aláwọ̀ pupa tí wọ́n kọ́ ní àrà ilé Áfíríkà. Títí di òní, a kò mọ orúkọ gbogbo wọn.

Nítorí náà, fótò tí ẹ ń rí lórí fóònù kì í ṣe eré. Ọmọ ẹnì kan ni wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kun àwọ̀ náà?

Kíkun àwọ̀ sí fótò kì í ṣe ohun tuntun. Kó tó di pé fíìmù aláwọ̀ délé dóko, àwọn ayàfótò máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti ọ̀dà kun ẹnu obìnrin ní pupa, wọ́n á sì kun ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ayàfótò tó kun ún mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, ó sì rí aṣọ tó wọ̀ wá.

Lónìí, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń fi ọwọ́ kun ún díẹ̀díẹ̀. Marina Amaral, ọmọ Brazil, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí. Kó tó kun aṣọ ológun kan, ó máa ń wá ìwé àti àwọn ohun tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kó lè mọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí gan-an. Fótò kan lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀rọ. Ní ọdún 2018, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní DeOldify jáde. Ní 2020, ilé iṣẹ́ MyHeritage gbé irú rẹ̀ síwájú gbogbo ayé, láti ìgbà náà ni áàpù oríṣiríṣi ti ń tẹ̀ lé e. Ẹ óò fi fótò sí i, kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì, àwọ̀ ti wọ̀ ọ́.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n kó ẹgbàágbèje fótò aláwọ̀ jọ, wọ́n sọ wọ́n di dúdú-funfun, wọ́n wá ní kí kọ̀ǹpútà máa méfò àwọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣì í, wọ́n tún un ṣe, títí ó fi mọ̀ pé ewé sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé, pé ojú ọ̀run sábà máa ń jẹ́ búlúù. Gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ kò ju "sábà" lọ. Nígbà tí ẹ bá fi fótò bàbá yín sí i, kì í wá bàbá yín lọ. Ohun tó pọ̀ jù nínú àwọn fótò tí wọ́n fi kọ́ ọ ló fi ń méfò. Bí nǹkan ò bá sì dá a lójú, á fi àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ eérú sí i, nítorí àwọn yẹn ni kì í tètè hàn bí àṣìṣe.

Fìlà pupa tó di dúdú

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Fìlà tí wọ́n fi dá àwọn tirailleurs mọ̀ ni chéchia, fìlà pupa. Wọ́n tún máa ń de ọ̀já pupa mọ́ ìbàdí. Nígbà míì, lójú ogun, wọ́n á fi aṣọ mìíràn bo fìlà náà kí ọ̀tá má baà rí i lókèèrè.

Fíìmù ayé àtijọ́ kì í rí pupa dáadáa. Ohun tó pupa máa ń jáde ní dúdú lórí rẹ̀. Ohun tó jẹ́ búlúù ni ó máa ń jáde ní funfun, ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi máa ń funfun báláú nínú ọ̀pọ̀ fótò ìgbà náà. Nítorí náà, fìlà pupa yóò dúdú nínú fótò, ẹ̀rọ yóò wò ó, yóò sì kun ún ní dúdú tàbí ní àwọ̀ ilẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe bọ́ fìlà sójà kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn, tó sì fi òmíràn dé e.

Ẹ wá wo ti aṣọ wa. Àwọn àgbà mọ ẹtù, wọ́n mọ sányán, wọ́n mọ àlàárì. Ẹtù jẹ́ aṣọ aláró tó dúdú bọ̀lọ̀jọ̀, àlàárì sì pọ́n. Bí wọ́n bá ya ẹni tó wọ ẹtù àti ẹni tó wọ àlàárì pa pọ̀ ní fótò dúdú-funfun, aṣọ méjèèjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ orúkọ àlàárì rí kò ní mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó bá wo bí wọ́n ṣe hun ún àti irú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́, lè sọ èyí tó jẹ́. Ọgbọ́n yìí kò sí nínú fóònù kankan. Orí àwọn àgbà ló wà.

Ti àwọ̀ ara gan-an ńkọ́? Yorùbá ní adúmáadán, a ní apọ́nbéporẹ́, a sì ní ẹni tó dúdú bíi kóró iṣin. Èdè wa mọ̀ pé adúláwọ̀ kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn fótò tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí, ti àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá kan àwa, ó sábà máa ń fi àwọ̀ kan náà ra gbogbo èèyàn lára, tàbí kó mú wọn pọ́n ju bí Ọlọ́run ṣe dá wọn lọ. Bàbá tí gbogbo ìlú ń pè ní Adú nígbà ayé rẹ̀ lè wá di ẹni pupa lójú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Àwọ̀ tòótọ́ wà níbì kan

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé fótò aláwọ̀ wà ní ayé ìgbà ogun kìíní náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni kun ún. Ní ọdún 1907, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière ti ìlú Lyon gbé ohun tí wọ́n ń pè ní autochrome jáde. Dígí ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n mú ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún òyìnbó, wọ́n rẹ ẹ́ ní àwọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí aláró ṣe ń rẹ aṣọ, wọ́n sì fọ́n ọn sórí dígí náà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú ìyẹ̀fun yìí kọjá ló ń gbé àwọ̀ ohun tí wọ́n yà sílẹ̀.

Ó ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń yà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ kò lè rí ìjà gidi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1917, Paul Castelnau, ayàwòrán ọmọ ogun Faransé, fi autochrome ya àwọn tirailleurs ní Alsace. Àwọn fótò náà ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ara wọn àti aṣọ wọn ṣe rí nígbà náà, ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Ti ilẹ̀ wa gan-an wà pẹ̀lú. Olówó báǹkì kan ní Faransé, Albert Kahn, rán àwọn ayàwòrán káàkiri ayé láàárín ọdún 1909 sí 1931 kí wọ́n lọ ya bí ọmọ aráyé ṣe ń gbé. Wọ́n kó autochrome bí 72,000 jọ. Ní ọdún 1930, Fadá Francis Aupiais àti ayàwòrán Frédéric Gadmer wá sí Dahomey lórí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ya autochrome tó lé ní 1,000, wọ́n sì gba fíìmù pẹ̀lú. Aṣọ ọba, aṣọ àwọn olórìṣà, ògiri amọ̀, ilẹ̀ pupa wa, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Albert-Kahn ní Boulogne-Billancourt, lẹ́bàá Paris, ló ń tọ́jú wọn, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé láti wò. Láti ìparí ọdún 2022 wọ 2023, wọ́n ṣe àfihàn ńlá lórí àwọn fótò Dahomey yìí.

Ẹni tó bá fẹ́ kun fótò ìgbà yẹn ní àwọ̀, ó ti ní ohun tó lè fi wé e. Kò sí ìdí tí yóò fi máa méfò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

Nígbà tí àwọ̀ bá di irọ́

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní ilẹ̀ òkèèrè gbé fótò àwọn tí wọ́n pa ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Tuol Sleng, ní Cambodia, jáde pẹ̀lú àwọ̀. Àwọn èèyàn náà wà lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ìjọba Khmer Rouge pa láàárín 1975 sí 1979. Àwọn tó mọ fótò náà tẹ́lẹ̀ wò ó, ẹ̀rù bà wọ́n: àwọn kan lára òkú náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kun àwọ̀ ti yí ẹnu wọn padà. Ìjọba Cambodia fárígá, ìwé ìròyìn náà sì yọ fótò ọ̀hún kúrò.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. Wọ́n ti fi irú ẹ̀rín yẹn sí ẹnu àwọn bàbá wa rí. Ní ọdún 1915, nígbà tí àwọn tirailleurs ń kú lójú ogun, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Banania ya àwòrán sójà adúláwọ̀ kan sórí ìpolówó ọjà rẹ̀. Ó dé fìlà pupa, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ó ń jẹ kòkó oníṣúgà. Ní Faransé, àwòrán aláwọ̀ yẹn làwọn èèyàn mọ̀ ju sójà fúnra rẹ̀ lọ. Àwọ̀ tó wà lórí fìlà náà tọ̀nà. Ohun tí wọ́n fi àwọ̀ náà sọ ni kò tọ̀nà.

Òmíràn ni ti àwọn obìnrin jagunjagun Dahomey. Ogun tí Faransé bá Ọba Béhanzin jà wáyé ní 1890, ó sì tún bẹ́ sílẹ̀ láti 1892 títí di 1894. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fótò "Amazones" tó ń lọ káàkiri, tí wọ́n ti kun ní àwọ̀ báyìí, kì í ṣe ojú ogun ni wọ́n ti yà wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ eléré ni wọ́n, tí wọ́n kó lọ sí Yúróòpù láti fi han àwọn òǹwòran, gẹ́gẹ́ bí èyí tó wáyé ní ọgbà Jardin d'Acclimatation ní Paris ní 1891. Bí fótò kò bá ní àwọ̀, ẹni tó ń wò ó lè ṣì ṣiyèméjì. Bí àwọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, iyèméjì náà á lọ. Ewu tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ṣé kí a má kun ún rárá ni?

Rárá o. Àwọn tó fẹ́ràn kíkun àwọ̀ ní ẹjọ́ tó dára láti rò. Marina Amaral kun fótò Czesława Kwoka, ọmọbìnrin ọdún 14 kan láti Poland tí wọ́n pa ní àgọ́ Auschwitz ní 1943. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò kà nípa Auschwitz rí ló dúró wo ojú ọmọ náà, wọ́n rí ọgbẹ́ ètè rẹ̀, wọ́n sì béèrè orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2018, Peter Jackson fi àwọ̀ sí fíìmù ogun kìíní tó wà lọ́wọ́ Imperial War Museum ní London, ó sì mú kí àwọn sójà tó máa ń sáré jàgìdìjàgan bí ọmọláńgidi nínú fíìmù àtijọ́ rìn bí èèyàn gidi.

Ní Faransé, ètò tẹlifíṣọ̀n Apocalypse, tó jáde ní 2009, kun fíìmù Ogun Àgbáyé Kejì ní àwọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é pinnu pé àwọn kò ní fọwọ́ kan àwòrán ìpakúpa àwọn Júù. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ ní dúdú-funfun bí wọ́n ṣe bá wọn. Èyí fi hàn pé ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ ibi tí ó yẹ kó dúró.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà níwájú àwa náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, fótò ìpakúpa Chasselay fara hàn nínú álúbọ́ọ̀mù kan. Sójà Jámánì kan ló yà wọ́n. Àwọn ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ ti fẹ́ kú, ẹni tó ń yà wọ́n kò sì yà wọ́n láti bu ọlá fún wọn. Ṣé ó yẹ kí ẹnì kan fi áàpù kun irú fótò bẹ́ẹ̀ fún eré orí Facebook? Èrò mi ni pé kò yẹ. Fótò bàbá tó jókòó lórí àga pẹ̀lú mẹ́dàlì láyà rẹ̀ yàtọ̀ sí fótò ẹni tí wọ́n tò kalẹ̀ fún ikú.

Àṣà ìbejì kọ́ wa lọ́gbọ́n

Yíyí fótò padà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pa pọ̀, àwọn ayàfótò wa máa ń ya èyí tó kù, wọ́n á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Kò sẹ́ni tó pè é ní ẹ̀tàn. Kí nìdí? Ìyá ọmọ mọ̀. Bàbá mọ̀. Ayàfótò mọ̀. Ẹni tó bá wọlé tó béèrè, wọ́n á sọ fún un.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti ti orí fóònù nìyí. Fótò tí ẹ̀rọ kun máa ń kúrò nílé tó ti wá. Láti Bantè ó lè dé Cotonou, láti Cotonou ó lè dé Paris, kò sì sí ẹni tó ń tẹ̀ lé e láti sọ pé a kun ún ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn èèyàn yóò máa fi jẹ́rìí pé bí aṣọ àwọn sójà Dahomey ṣe rí nìyẹn.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ má ṣe ju ojúlówó fótò nù. Bó ti wù kí ó ṣá tó, òun ni ẹlẹ́rìí. Ẹ fi sínú ápòòwé tó gbẹ, kí òjò, ooru àti ikán má dé ibẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ẹ fi fóònù yà á lójúmọmọ, níbi tí oòrùn kò ti pa á lójú tààrà. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà dúdú-funfun yìí kí ẹ tó fún áàpù kankan ní nǹkan kan. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, nítorí ẹ̀yìn ni òǹtẹ̀ ayàfótò tàbí orúkọ ìlú sábà máa ń wà.

Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nísinsìnyí. Ta nìyí? Ọmọ ta ni? Ọdún wo ló lọ, ṣé ó sì padà? Irú aṣọ wo ló wọ̀? Kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà fún yín. Bí ẹ bá wá fẹ́ kun fótò náà, ohun tí wọ́n sọ ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ bá yàn.

Ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ fótò lọ́jà, ẹ̀dà méjì ni kí ẹ máa fún oníbàárà: ojúlówó àti èyí tí ẹ kun. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ èyí tí ẹ kun pé ẹ kun ún ni, kí ẹ sì kọ ọdún tí ẹ ṣe é. Kò ná yín ní nǹkan kan, yóò sì mú kí àwọn èèyàn fọkàn tán iṣẹ́ yín. Ẹ má sọ ẹnu tó dì di ẹ̀rín, ẹ má sì sọ adúmáadán di pupa.

Ẹ wá orúkọ. Iléeṣẹ́ ológun Faransé ní ibùdó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Mémoire des hommes. Ọ̀fẹ́ ni. Níbẹ̀ ni ìwé àwọn tó kú fún Faransé ní ogun kìíní wà, èyí tó lé ní 1,300,000, àwọn ọmọ Dahomey sì wà lára wọn. Akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè wa ló kọ ọ̀pọ̀ orúkọ náà bó ṣe dún létí rẹ̀, nítorí náà ẹ gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́. Ọ̀dọ́ tó mọ fóònù lò àti àgbà tó mọ orúkọ ìdílé ní láti jókòó pa pọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan kò lè dá a ṣe.

Orúkọ ṣáájú àwọ̀

Ẹ wo ti Thiaroye, lẹ́bàá Dakar. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn tirailleurs tó ti ọgbà ẹ̀wọ̀n Jámánì dé béèrè owó iṣẹ́ wọn, àwọn ọmọ ogun Faransé sì yìnbọn lù wọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rin ọdún kí Faransé tó fi orúkọ oyè "mort pour la France" dá mẹ́fà péré lọ́lá nínú wọn, ní ọdún 2024. Mẹ́fà yẹn ni orúkọ wọn ti wà lákọsílẹ̀. Àwọn tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ wọn ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ẹ̀rọ lè kun gbogbo fótò sójà tó wà láyé, kò lè fún ẹnì kan nínú wọn ní orúkọ tí ilé rẹ̀ ti gbàgbé.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ogun kejì parí ti ń sún mọ́ 80 ọdún, tàbí kí wọ́n ti kọjá rẹ̀. Àwọn ló gbọ́ ìtàn lẹ́nu ẹni tó lọ tó bọ̀.

Bí ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ bá dé, tí ọdún iṣu bá kó àwọn ọmọ Savalou jọ láti Cotonou, Parakou àti ẹ̀yìn odi, ẹ jẹ́ kí fótò náà jáde láti inú àpótí. Kí ó kọ́kọ́ kọjá lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ó tó kọjá lọ́wọ́ ẹ̀rọ.